Ìyàwó Ilé Tí Kò Lè Pe Àgbáyun Lórúkọ

Ọjọ́ tí Màmá Dọ́káàsì fa pátákó ìjọba tu ni gbogbo Ilé-Ifẹ̀ ń rántí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 1957 ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kó oríṣiríṣi igi àti ewé wá pàtẹ sí gbàgede gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n gbin igi kékeré kan sínú garawa, èso pupa wẹ́wẹ́ so lára rẹ̀. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Àgbáyun ni, èso tí èèyàn ń jẹ tí ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan fi ń di oyin lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni wọ́n kọ sí pátákó tí wọ́n gún mọ́ ẹ̀gbẹ́ garawa náà. Tísà Ọlátúnbọ̀sún, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìlódè, tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó kà á sókè: "Thaumatococcus daniellii. Ewé eéran."

Háà! Ewé eéran kẹ̀? Ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, tí a fi ń di mọ́ínmọ́ín, tí kò ní igi, tí kò ní ẹ̀ka? Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní bó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀kọ pípọ́n ni a óò máa ká lórí igi náà.

Mista Ọlátẹ́jú, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn, jáde síwájú nínú ṣòkòtò kákí kúkurú àti ìbọ̀sẹ̀ tó dé orúnkún. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó kàwé gan-an, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa ìwé kan yọ nínú fáìlì.

"Ẹ dákẹ́ ariwo! Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú yín ló sọ ọ́ fún òyìnbó lọ́dún 1936. Orúkọ rẹ̀ rèé: Àníkẹ́, aya Adébíyìí, ilé Adéagbo, Ìrẹmọ."

Gbogbo orí yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Àníkẹ́ ọ̀hún, tí gbogbo wa mọ̀ sí Màmá Dọ́káàsì, ló dúró láàárín wa yẹn, opó ẹni ọgọ́ta ọdún, ọlọ́wọ̀, tí kò parọ́ rí lójú ẹnikẹ́ni. Ẹnu wa ò lè padé. Màmá ò wo ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ síbi garawa, ó fọwọ́ méjèèjì di pátákó mú, ó fà á tu tilẹ̀tilẹ̀, ó sì kì í bọ abíyá.

"Àṣìsọ ni," ó wí. "Ẹ pa á rẹ́."

"Màmá, kí wá ni orúkọ rẹ̀ gan-an?"

Màmá lanu. Ó pa á dé. Ó tún là á, ó tún pa á dé. Níkẹyìn ó fi àgbọ̀n júwe ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, tẹ́lọ̀ kan tó jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ohun tí wọ́n ń pe ẹni yẹn ni wọ́n ń pe igi yìí."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Ẹ bi í."

Àwọn èèyàn ò lè mú un mọ́ra, wọ́n pariwo pọ̀ pé, "Àgbáyun!" Mista Ọlátẹ́jú fi ọwọ́ di etí. Ó ní orúkọ wọn kọ́ ló wà nínú ìwé. Ó ní ẹni tó fẹnu sọ ọ́ ni yóò fẹnu yí i padà, tí yóò sì tẹ̀ka sí i. Ọjọ́ Ẹtì lọjọ́ náà. Ọjọ́ Ajé ni yóò padà sí Ìbàdàn. Bí kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá kó tó lọ, bó ṣe wà yẹn ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé yóò máa kọ́, wọn ó sì kọ orúkọ Màmá sábẹ́ rẹ̀.

Tẹ́lọ̀ tí wọ́n júwe náà ká ẹsẹ̀ lérí ara wọn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi náà ò ní wí i," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ wí i."

Ẹ má pe Màmá ní aláìgbọ́n o. Ìyàwó ilé ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó bá nílé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyàwó fi máa ń sọ ọmọ ilé ní orúkọ tiwọn: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èyí kò burú, ó tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Ti Màmá Dọ́káàsì ló wá kọjá àlà. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni kì í pè. Ọ̀rọ̀ yòówù tó bá ti fara jọ orúkọ náà, kò ní gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

Adéagbo ni bàbá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, Màmá ò pe àgbò ní àgbò mọ́. Àwọn kan sọ fún un pé ohùn méjèèjì ò tilẹ̀ bára mu. Ó ní, "Ahọ́n lè yọ̀."

Ó lọ sí Sábó lọ́jọ́ kan láti ra ẹran ìsọmọlórúkọ. Ó kí Màláàmù tó ń ta ẹran dáadáa, ó wá ní, "Ọkọ àgùntàn ni mo fẹ́."

Màláàmù wò ó títí. "Ọkọ àgùntàn?"

"Ọkọ àgùntàn. Èyí tó sanra."

"Ìyá, ní Sábó níbí o, àgùntàn kì í ṣègbéyàwó."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí Màláàmù fi gbá ìwo ẹran kan mú tó ní, "Àbí àgbò ni?" Màmá ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, èmi kọ́."

Ìyẹn ò tíì tó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kan ń jẹ́ Dúrósinmí. Bí Màmá ṣe gba okùn ẹran lọ́wọ́ Màláàmù ni okùn já, tí àgbò gba títì. Èèyàn pọ̀ lọ́nà. "Ẹ bá mi dá a dúró" péré ló yẹ kó wí, wọn ì bá sì mú un. Ṣùgbọ́n ta ní fẹ́ pe "dúró"? Màmá káwọ́ lérí, ó ń sáré, ó ń kígbe pé, "Ọkọ ń lọ o! Ẹ bá mi sọ fún un kó má lọ o!" Àwọn èèyàn rò pé ọkọ ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin kan dì í mú, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, wọ́n ní kó fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ọkùnrin rí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi yé wọn, àgbò ti dé Ìlódè.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bí orin bá ti dé ibi tí "dúró" wà, Màmá á pa ẹnu mọ́, á máa mi orí, á tún gbè é níwájú. Ọdún kẹta ni pásítọ̀ tó mọ̀ pé kì í ṣe oorun ló ń kùn ún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tẹ́lọ̀. Fáníyì ni wọ́n sọ ọ́ níjọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àgbáyun ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ ń sọ ìkorò di adùn. Bí o bá gbé aṣọ Kérésì fún un, Ọjọ́ Àjíǹde ni wàá tó rí i, síbẹ̀ ìwọ lo máa dúpẹ́ kó o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí Màmá wọlé ọkọ. Ìyá rẹ̀ ti kú, Màmá ló gbé e pọ̀n. Láràárọ̀ ni Màmá ń kúnlẹ̀ kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi kékeré," lẹ́yìn náà á dìde, á fipá wẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó sunkún tó. Nígbà tí ewú bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí Fáníyì, ọkọ mi kékeré náà ló ṣì ń jẹ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe wọ́ lọ́dún 1936. Òyìnbó kan tó ń wá èso inú igbó kiri pàdé Màmá lọ́nà oko, Màmá gbé igbá àgbáyun lérí. Òyìnbó jẹ ẹyọ méjì, ó ní òun ò rí ohun pàtàkì kan níbẹ̀. Màmá fún un ní ọsàn wẹ́wẹ́ kan pé kó mu ún. Òyìnbó mu ún, ó fò sókè, ó wo ọsàn náà níwá, ó wò ó lẹ́yìn, ó tún mu òmíràn. Ó mu mẹ́fà. Ó wá ní kí ògbufọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkó kan, bi Màmá pé kí ni wọ́n ń pe èso náà.

Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àbúrò èso ewé eéran ni," ó wí, nítorí èso ewé eéran náà pupa, ó sì dùn.

Ebi ti ń pa ògbufọ̀ láti àárọ̀. Ó fo "àbúrò" dá, ó fo "èso" dá, ó ní, "Ewé eéran, sà." Òyìnbó kọ ọ́. Ó wá béèrè orúkọ Màmá fúnra rẹ̀. Èyí ò ṣòro, Màmá sì sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, tòun ti ti àdúgbò; ti ọkọ àti ti ilé, ògbufọ̀ lọ bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ìrẹmọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn nìkan ló tọ̀nà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ó fa pátákó tu, Màmá lọ bá Fáníyì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìrẹmọ. Bó ṣe fojú kàn án ni Fáníyì ti bẹ̀rẹ̀.

"Màmá Dọ́káàsì, ẹ káàbọ̀ o! Aṣọ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí." Ọdún kejì rèé tí aṣọ náà ti ń fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

"Ti aṣọ kọ́, ọkọ mi kékeré. Ẹ bá mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́gbìn lọ́jọ́ Ajé. Ẹ ṣáà dárúkọ ara yín, èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, màá tẹ̀ka."

"N ò lọ."

"Kí ni mo ṣe?"

Fáníyì gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí adùn lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí. Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Àgbáyun. Àwọn tó ń bú mi gan-an, òun ni wọ́n fi ń bú mi. Ẹ̀yin nìkan ni n ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ fẹ́ kí n dójú ti bàbá yín nínú sàréè?"

"Igi lẹ máa pè. Kì í ṣe èmi."

"Bí mo bá pe igi," Màmá bi í, "ta ni yóò dáhùn?"

Fáníyì tún gbé síṣọ́ọ̀sì rẹ̀. Màmá dìde, ó kúnlẹ̀, ó dágbére, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, kò jẹun. Dọ́káàsì, àkọ́bí rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá ní, "Bí mo bá pè é, mo ti fi ọdún méjìlélógójì tàfàlà. Bí n ò bá pè é, ọmọ ọlọ́mọ á máa kọ́ irọ́ nílé ìwé, wọn á ní Àníkẹ́ Ìrẹmọ ló pa á. Èwo ni kí n gbé kú nínú méjèèjì?" Ọ̀rọ̀ náà ò pa Dọ́káàsì lẹ́rìn-ín mọ́. Kò pa àwa náà lẹ́rìn-ín nígbà tí a gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, gbàgede kún ju ti ọjọ́ Ẹtì lọ. Àwọn kan ní yóò pè é, àwọn kan ní kò ní pè é. Bàbá Èṣùbíyì, olórí ilé Adéagbo, jókòó níwájú, ó fajú ro. Fáníyì dúró lẹ́yìn pátápátá, ó nà gàgà kí etí rẹ̀ lè gbọ́.

"Màmá," Mista Ọlátẹ́jú wí, "mo ń gbọ́."

Màmá ò dáhùn ìbéèrè. Òun náà ló béèrè. "Ọ̀gá, orúkọ gígùn tí ẹ kọ sí pátákó, èyí tó ní Dáníẹ́lì nínú, ta ló ni ín?"

"Ewé eéran ló ni ín. Èdè Látìn ni. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè é káàkiri ayé."

"Ṣé igi yìí náà ní tirẹ̀?"

"Gbogbo ohun tó ń hù ló ní tirẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tí wọ́n kọ wọ́n sí."

Mista Ọlátẹ́jú rẹ́rìn-ín, nítorí Màmá ò mọ ìwé kà. Síbẹ̀ ó gbé ìwé ńlá kan jáde, èyí tí wọ́n ya àwòrán igi àti ewé sí. Màmá jókòó tì í. Ó ń tọ́ ìka lá, ó ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oòrùn mú. Kò sẹ́ni tó kúrò. A ń wò ó bó ṣe ń mi orí sí igi tí kò mọ̀, tó sì ń kí èyí tó mọ̀. Lójijì ló la ọwọ́ mọ́ ojú ìwé kan.

"Òun rèé! Ewé rẹ̀ rèé, èso rẹ̀ rèé!"

Mista Ọlátẹ́jú bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó wo igi inú garawa. Ó tún wo ìwé. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Olúwa ò," ó wí jẹ́jẹ́. "Òun ni lóòótọ́."

"Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

"Synsepalum dulcificum. Apá kejì yẹn ni pé ó ń sọ nǹkan di dídùn."

Tísà Ọlátúnbọ̀sún gbìyànjú láti pè é. Ó kọsẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bá ikọ́ pàdé, ó sinmi. Màmá wá yíjú sí olórí ilé ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni wà nílé wa, ìbáà jẹ́ òkú, ìbáà jẹ́ alààyè, tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Bàbá Èṣùbíyì ronú dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ni. "Rárá o," ó ní. "Bàbá wa ò sọ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀."

Màmá dìde, ó tún gèlè wé. "Ó dáa. Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi Àníkẹ́ Ìrẹmọ, aya ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín, mo ní ewé eéran kọ́ ni. Sínsẹ́pálọ́ọ̀mù Dọ́sífíkọ́ọ̀mù ni."

Yéè! Gíláàsì Tísà bọ́ sílẹ̀. Obìnrin tí kò lè pe àgbò, tí kò lè pe dúró, ló fi èdè Látìn sọ̀rọ̀ níṣojú wa yìí, láìkọsẹ̀, láìwo ìwé! Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà gbá orí mú, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Mista Ọlátẹ́jú kọ ọ́, Màmá tẹ̀ka.

"Orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ńkọ́, Màmá?"

"Èyí tí mo sọ, mo ti gbà á padà. Ẹ bi àwọn tí kì í ṣe ìyàwó ilé."

Ohùn gbogbo gbàgede ló dáhùn: "Àgbáyun!" Lọ́tẹ̀ yìí, Mista Ọlátẹ́jú ò di etí. Ó kọ ọ́.

Fáníyì nìkan ni kò pariwo. Ọ̀rọ̀ ti lọ, kò sì gbọ́ ohun tó ń retí. Màmá rí i. Ó gba àárín èrò kọjá lọ bá a, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ láti ọdún méjìlélógójì. "Ẹ kú ìdúró o," ni èèyàn ì bá wí. Màmá ní, "Ẹ kú ẹsẹ̀ ríro o, ọkọ mi Sínsẹ́pálọ́ọ̀mù."

Láti ọjọ́ náà, orúkọ dé. Bí Màmá bá ti yọ sí òpópónà ni wàá ti máa gbọ́ ọ: "Sínsẹ́pálọ́ọ̀mù o! Aṣọ mi dà?" Màláàmù Sábó bi wá bóyá oògùn ibà tuntun ni. Fáníyì á dibọ́n bí ẹni pé inú ń bí i, á ní ṣé òun ni igi, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí kò dáhùn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà òjò, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Fáníyì ń lọ jókòó tì í lọ́sàn-án gbogbo. Lọ́jọ́ kan, ó fa àga súnmọ́ ibùsùn. "Màmá, ó ku èmi àti ẹ̀yin nínú yàrá yìí. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan."

Màmá wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá pè yín bí gbogbo ayé ṣe ń pè yín," ó wí, "kí ni wọn ó fi mọ̀ pé ìyàwó yín ni mí?"

Fáníyì tẹ orí mọ́lẹ̀.

"Aṣọ mi dà?" Màmá bi í.

Ẹ̀yin èèyàn, ní ọjọ́ kejì ni aṣọ náà dé. Ó parí, tọrùn tọwọ́. Wọ́n lọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí Fáníyì ti ń ránṣọ, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn tó rí i nígbà tó ń gbé e lọ lójú títì dìde dúró. Màmá wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ó bá òun mu. Òun náà la wọ̀ fún un nígbà tí a sin ín lọ́jọ́ Ẹtì. A sunkún lọ́jọ́ náà, a sì rẹ́rìn-ín, nítorí nígbà tí orin dé ibi tí "dúró" wà, odindi ṣọ́ọ̀ṣì ló pa ẹnu mọ́, tí a ń mi orí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú tí Fáníyì yọ pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Àgbáyun Tẹ́lọ̀" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí Tísà Ọlátúnbọ̀sún pe lẹ́tà tuntun náà fún akọ̀wé pátákó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: SYNSEPALUM. Àwọn oníbàárà tí kò mọ̀tàn ń béèrè ohun tó túmọ̀ sí. Kì í fi ẹnu dídùn dá wọn lóhùn. Á kàn ní, "Orúkọ tí ìyàwó ilé wa sọ mí ni."

Ó ṣì ń pẹ́ kí aṣọ tó parí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá pè é ní Àgbáyun, á máa ran aṣọ rẹ̀ lọ, ó dìgbà tó bá wù ú kó tó dáhùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé Ìrẹmọ máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fara pamọ́, wọ́n á ké e bí Màmá ṣe ń ké e: "Sínsẹ́pálọ́ọ̀mù o! Aṣọ mi dà?" Fáníyì á dáwọ́ ẹ̀rọ dúró kíá, á gbójú sókè, á wo ẹnu ọ̀nà.